Ata Rodo Kò Mọ Ìrì Dídì

Àrá sán lẹ́ẹ̀mẹta ní òwúrọ̀ Sátidé kan ní oṣù kẹrin ọdún 1997, òjò ńlá sì rọ̀ sí ìlú Padova ní Ítálì. Adémilúyì dúró lójú fèrèsé, ó ń fa òórùn ilẹ̀ tútù símú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àkọ́rọ̀ òjò nìyẹn," ló sọ fún Ojúọlá, ìyàwó rẹ̀. "Ilẹ̀ ti ń pè wá."

"Àkọ́rọ̀ ti ibo? Ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ rò pé a wà ni?"

"Òjò kò ní orílẹ̀-èdè. Níbi tí àrá bá ti sán, tí ilẹ̀ sì móoru, oko ló kàn."

Ojúọlá kàn mi orí. Ó mọ ọkọ rẹ̀. Bí Adémilúyì bá ti sọ pé ọ̀tún lòun ń lọ, ẹni tó bá ní kó ya sí òsì ti fi kún eré rẹ̀ ni.

Igi ata rodo mẹ́rìnlélógún ló wà lójú fèrèsé náà, nínú ike yógọ́ọ̀tì. Wọn kì í ṣe ata lásán. Ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ nílé ni hóró wọn ti wá. Ìyá náà ti kú, wọ́n sì ti kọ́lé sórí ẹ̀yìnkùlé náà. Hóró díẹ̀ tí Adémilúyì dì sí etí áńkáṣíìfù ló ṣẹ́kù, gbogbo rẹ̀ ló sì ti gbìn. Bí àwọn wọ̀nyí bá kú, ata ìyá rẹ̀ ti tán láyé nìyẹn.

Ó kó wọn sínú páálí, ó gbé wọn lọ sí orto rẹ̀, ìyẹn ọgbà kékeré tí ìjọba ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ pín fún un lẹ́bàá odò. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Gino ló ni ọgbà tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Bí bàbá náà ti rí i tó ń gbẹ́ ihò, ó sọ ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá sídìí wáyà tó pín ọgbà méjèèjì.

"No, no! Gelata! Gelata!" Ó nawọ́ sí ata, ó nawọ́ sí ojú ọ̀run, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá àyà mọ́ra, ó ń gbọ̀n.

Adémilúyì gbaná jẹ. Ẹ jẹ́ kí á sọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ítálì, òṣìṣẹ́ kan pè é ní gelato, áísìkiriìmù aláwọ̀ ṣokoléètì, gbogbo ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹfà rèé, Adémilúyì kò tíì dá ọkùnrin náà lóhùn "ẹ káàárọ̀". Ẹni tí kì í gbàgbé ni.

"Gelato ni gbogbo ìdílé ẹ!" ló fi Yorùbá dá Gino lóhùn. "Bàbá àgbàyà!"

Gino kò gbọ́ Yorùbá, Ítálì tí Adémilúyì náà sì gbọ́ kò kọjá ti ibi iṣẹ́. Ó na ìka mẹ́ta sókè, ó ń sọ nípa "santi", ìyẹn àwọn ẹni mímọ́, ó tún ń sọ nípa oṣù karùn-ún.

"Mi ò bá ẹ bọ ẹni mímọ́ kankan. Jésù nìkan ni mo mọ̀."

Ó kẹ̀yìn sí bàbá náà, ó gbin ata rẹ̀ tán, ó sì ti yan Gino lódì kó tó dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará ìjọ dúró níta gbọ̀ngàn tí wọ́n ń lò. Adémilúyì lọ bá Ìyá Bímpé, obìnrin kan tó ń tọ́jú ìyá arúgbó ará Ítálì, tó sì ti ń dá ọgbà ní Padova fún ọdún mẹ́jọ. Kò sí ẹni tí kò tíì jẹ nínú ẹ̀fọ́ rẹ̀ nínú ìjọ.

"Ìyá Bímpé, ẹ wá gbọ́ ohun tí arúgbó kan pè mí lánàá. Gelato! Lójú ata ìyá mi!"

Ìyá Bímpé kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lójijì, ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Ṣé gelato ni, àbí gelata?"

"Kí ni ìyàtọ̀? Ẹnu kan náà kọ́ ló ti jáde?"

Obìnrin náà wo ojú ọ̀run. Ó mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, kò sí ìkùukùu kankan. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ láàárọ̀ ti dáwọ́ dúró.

"Bùrọ̀dá, ìyàtọ̀ wọn ni pé ọ̀kan ń dùn lẹ́nu, èkejì ń pa ata. Gelata ni ìrì dídì. Bí ojú ọ̀run bá mọ́ báyìí tí atẹ́gùn kò sì fẹ́, òtútù á sọ̀ kalẹ̀ ní ìdájí, omi inú ewé á dì. Tí oòrùn bá yọ, ewé náà á dúdú bí ìgbà tí wọ́n bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná. Bí ilá mi ti kú lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé nìyẹn."

"Ṣùgbọ́n lánàá, mo bọ́ súwẹ́tà! Àrá sán!"

"Ooru yẹn ló ń tàn wá. Ìlú yìí máa ń gbóná lóòótọ́. Ní oṣù keje, ooru ibí á lẹ̀ mọ́ni lára bí ti ilé gan-an, ata á so títí a ó fi máa pín in. Ṣùgbọ́n òtútù wọn kì í dágbére lẹ́ẹ̀kan. Á lọ, á tún padà wá mú fìlà tó gbàgbé."

"Àwọn ẹni mímọ́ mẹ́ta tó ń pè ńkọ́?"

"Orúkọ ọjọ́ mẹ́ta ni, láàárín oṣù karùn-ún. Àwọn àgbà ibí ní kí ọjọ́ wọ̀nyẹn kọjá kí á tó gbin ohun tí kò fẹ́ òtútù síta. Bàbá yẹn kò bú yín. Ó ń bẹ̀ yín ni."

Ojúọlá, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, kàn wo ọkọ rẹ̀. Ìwò yẹn tó ọ̀rọ̀.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dé ọgbà kí oòrùn tó wọ̀. Gino ni wọ́n bá lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilẹ̀ Adémilúyì. Ó ti tẹ ọ̀pá sórí ebè, ó ń fi aṣọ ìbùsùn àtijọ́ bo ata náà, ó rọra ń tì í nídìí kí aṣọ má baà kan ewé.

Ìyá Bímpé bá a sọ̀rọ̀ lédè Ítálì, ó sì yí sí Adémilúyì.

"Ó ní òun rí i pé ẹ ń bínú sí òun. Ó ní ṣùgbọ́n ata kò bá òun jà."

Adémilúyì kúnlẹ̀ tì í. Ó di etí aṣọ kejì mú. Nígbà tí aṣọ tán tí ó sì ku igi mẹ́rin, ó bọ́ kóòtù ìsìn rẹ̀, ó fi bò wọ́n.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, koríko funfun bí ẹni da iyọ̀ sí i. Gino ti ṣáájú rẹ̀ dé, ó sì fi ọwọ́ sọ fún un pé kó ní sùúrù. Nígbà tí oòrùn ta sí ebè dáadáa, wọ́n ṣí aṣọ. Igi méjìlélógún tutù yọ̀yọ̀. Méjì tó gbìn sẹ́nu ọ̀nà, tí ó ti gbàgbé, dúdú, wọ́n rọ bí ẹ̀fọ́ bíbọ̀.

Adémilúyì wo méjì náà. Ó wo bàbá arúgbó náà. Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko funfun.

Gino figbe ta. "Madonna! Ṣé o ti farapa?" ló ń bi í ní Ítálì. Ó rò pé yìnyín ló gbé e ṣubú, ó ń fà á lápá tagbáratagbára.

"No, Nonno," ni Adémilúyì wí, tí ẹ̀rín àti omijé jọ ń jáde. Nonno ni bàbá àgbà lédè wọn. "Grazie. Ẹ ṣé o."

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta oṣù karùn-ún náà kọjá, ó gbé igi ata márùn-ún lọ sí ọgbà Gino. Ní oṣù kẹwàá, áńkáṣíìfù méjì ni wọ́n di hóró ata ìyá Adémilúyì sí, ọ̀kan sì wà nílé bàbá náà.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń dáko ní Padova, Torino, Modena àti àyíká wọn, àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ má fi àkọ́rọ̀ òjò ilé wo ojú ọjọ́ ibí. Ẹ gbin ata, ilá àti ìgbá yín sínú ike lójú fèrèsé, kó wà níbẹ̀ títí ìdajì oṣù karùn-ún. Bó bá ti wà níta, tí ojú ọ̀run mọ́ tí atẹ́gùn sì dákẹ́ nírọ̀lẹ́, ẹ tètè fi aṣọ bò ó kí oòrùn tó wọ̀. Kí aṣọ má kan ewé, kí ẹ sì ṣí i nígbà tí oòrùn bá ti ta. Ẹ má sì gbin gbogbo hóró yín tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ bi àgbàlagbà tó wà nítòsí yín. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó bínú.