Èéfín Ẹ̀yìn Ilé Ìgbẹ̀bí

"Ẹ ti fèrèsé o! Wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀!"

Ariwo táwọn ìyálọ́mọ fi ń jí nílé ìgbẹ̀bí náà nìyẹn. Bí bàbá agbálẹ̀ bá ti ṣáná sí kòtò ẹ̀yìnkùlé báyìí, èéfín dúdú á gba ojú fèrèsé wọlé, á bà sórí ibùsùn bí ẹni tó wá kí ọmọ tuntun.

Olórí nọ́ọ̀sì ò ka èéfín sí. Àrùn ló ń bẹ̀rù. Má-fọwọ́-kàn-án làwọn èèyàn ń pè é lẹ́yìn, torí ìbọ̀wọ́ rọ́bà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń fi ìbọ̀wọ́ gba káàdì, ó ń fi ṣílẹ̀kùn, ó ń fi gbé fóònù sétí. Àṣẹ kan ló sì pa fún gbogbo òṣìṣẹ́: "Ohunkóhun tó bá ti wọ yàrá aláìsàn, àrùn ti bà lé e. Ẹ dà á pọ̀, ẹ jó o." Páálí òògùn, ike omi, bébà, abẹ́rẹ́, òwú ẹlẹ́jẹ̀, inú garawa kan náà ni gbogbo wọn ń bá ara wọn pàdé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, àbúrò rẹ̀ gan-an ló wà lórí ibùsùn. Àná ló bímọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sì gbọdọ̀ tíì lọ sílé. Ṣùgbọ́n ó tún ní ikọ́ fée láti kékeré. Bí èéfín ṣe wọlé, àyà rẹ̀ ń dún fíì-fíì bí fèrè tó ti là.

"Àǹtí mi... mi ò lè mí dáadáa."

Olórí nọ́ọ̀sì sáré gbé òògùn tó máa ń fà sẹ́nu fún un, ó ti fèrèsé pa. Ooru mú. Ọmọ bú sẹ́kún. Ọkọ àbúrò náà, tó jẹ́ káfíńtà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sí báàgì.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ilé ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ńkọ́? Bó bá gbé e lójú ọ̀nà, ta lo máa pè?"

"Bó bá dúró síbí, èéfín á pa á. Bó bá lọ sílé, ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru á pa á. Ẹ bá mi yan ọ̀kan, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Ló bá fi ìbínú jáde sẹ́yìnkùlé.

"Bàbá! Ṣé ẹ fẹ́ pa àbúrò mi ni?"

"Èmi kẹ̀? Ẹ̀yin lẹ ní n máa jó o. Mi ò jó o, ẹ pariwo. Mo jó o, ẹ pariwo. Àbí kí n jẹ ẹ́ ni?"

Ibẹ̀ ni wolé-wolé bá wọn. Obìnrin àgbàlagbà ni, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń rán an wá yẹ àyíká wò. Kò tiẹ̀ kí wọn tán.

"Ẹ da yẹ̀pẹ̀ bo iná yẹn."

Wọ́n bò ó. Ó wọlé, ó fi ẹ̀mú gbé páálí kan sókè látinú garawa.

"Àrùn wo ló ń ṣe eléyìí?"

"Yàrá aláìsàn ló ti wá, Ìyá."

"Èmi náà wà nínú yàrá aláìsàn báyìí. Ṣé ẹ máa jó mi ni?"

Káfíńtà tó fajú ro ò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Wolé-wolé tún fa ìbọ̀wọ́ jáde, òmíràn tẹ̀ lé e. Kò sí ẹ̀jẹ̀ lára ìkankan.

"Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tẹ́ ẹ̀ ń dà nù ò léwu ju pàǹtí ilé yín lọ. Díẹ̀ ló léwu. Ṣùgbọ́n ẹ da díẹ̀ yẹn mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀ wá di ewu."

"Ṣé kí n wá máa fọwọ́ lásán kan ẹlẹ́jẹ̀ ni?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́ kan ẹ̀jẹ̀, omi ara tàbí egbò. Bẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ bọ́ ọ nù, ẹ fọwọ́. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí, kí ló ti kàn láti àárọ̀?"

Olórí nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ rẹ̀. Ó rántí ilẹ̀kùn, ó rántí fóònù, ó rántí ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ké, ìbọ̀wọ́ yìí náà ló fẹ́ fi gbé e. Ó bọ́ ọ, ó lọ sídìí omi, ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ọrùn ọwọ́, kó tó gbé ọmọ náà mọ́ra.

"Abẹ́rẹ́ àti òwú ẹlẹ́jẹ̀ wá ńkọ́, Ìyá? A ò ní jó wọn mọ́?"

"Kì í ṣe níbí. Ọkọ̀ wa ń kó wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń pa wọ́n run láìṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ẹ ò pè wá rí."

"Mi ò mọ̀ pé ẹ máa ń wá."

"Ẹ ò béèrè. Láti òní lọ, ẹ ya ohun eléwu sínú garawa tirẹ̀, ìyókù sínú òmíràn, ká lè máa wá kó eléwu lọ."

Káfíńtà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Màá dúró dọ̀la. Bí èéfín bá yọ, a ti lọ. Bí kò bá yọ, màá kan ohun tẹ́ ẹ máa gbé àwọn garawa yín lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ọ̀nà jíjìn ló jẹ́ kóun dà á pọ̀."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, èéfín ò yọ. Garawa ohun eléwu ò tiẹ̀ kún dé ìdajì. Káfíńtà gbé ayùn dé. Ìyàwó rẹ̀ sùn dáadáa, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ní kó máa lọ, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde, ọmọ lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ibi tẹ́ ẹ ti lo nǹkan ni kẹ́ ẹ ti yà á sọ́tọ̀. Abẹ́rẹ́ àti ohun mímú, inú àpótí líle tó ní ìdérí. Ohun ẹlẹ́jẹ̀, inú garawa tirẹ̀. Páálí, bébà àti ike omi, ẹ kó wọn lọ́tọ̀, àwọn tó ń tún un lò wà. Ẹ má fi ìbọ̀wọ́ rọ́pò ọṣẹ àti omi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá tọ́jú èèyàn yín, ẹ má ju ike oúnjẹ sínú garawa ẹlẹ́jẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì rí i tí wọ́n ń jó pàǹtí lẹ́yìn ilé ìwòsàn, ẹ béèrè. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi. Ibi tá a gbé aláìsàn lọ kí ara rẹ̀ lè yá, kò yẹ kó tún máa sọ ará àdúgbò di aláìsàn.