Isobel Mair Wá Ilé Bàbá Rẹ̀ Dé Portlarrie

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹfà ọdún 1874, ọkọ̀ kan tó ru gẹdú láti Nova Scotia gúnlẹ̀ sí èbúté wa ní Portlarrie, ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ ló sì kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Aṣọ ọ̀fọ̀ ló wọ̀, dúdú kirikiri, ó gbálẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ tò láti ọrùn dé ìbàdí. Isobel Mair lorúkọ rẹ̀. Ó kọjá lára àwọn àgbá iyọ̀ àti àwọ̀n tí wọ́n sá sórí òkúta, títí ó fi dé ibi tí àwọn obìnrin wa jókòó sí, tí wọ́n ń fi ìdẹ sẹ́nu ìwọ̀ kí àwọn ọkọ wọn tó lọ sójú òkun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ilé William Mair ni mò ń wá. Bàbá mi ni. Ó ti kúrò níbí láti ọdún márùndínlọ́gọ́ta sẹ́yìn."

Jessie, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ dáhùn. "William Mair wo nínú wọn? Bí o bá ju òkúta sókè nílùú yìí, orí William Mair ni yóò bà. Mẹ́tàdínlógún ni wọ́n, láìka èyí tó wà níkùn Annie."

Ẹ̀rín sọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni Jessie ń sọ. Ìdílé Mair ló kún Portlarrie, orúkọ mẹ́fà méje la sì ń pín mọ́ ara wa lọ́wọ́ láti ayébáyé. Ìdí nìyẹn tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ní àlàjẹ́ tirẹ̀, tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ bàbá bí ẹni jogún ọkọ̀. Mair Shavie wà, Mair Dosie wà, Mair Bobbin náà wà. Ẹni tí kò bá ti ní àlàjẹ́, a ò lè júwe ilé rẹ̀ fún àlejò.

"Kí ni àlàjẹ́ bàbá rẹ?"

"Àlàjẹ́ kẹ̀? Mair lásán ló ń jẹ́ lọ́hùn-ún."

"Yéè! Ọkùnrin yìí di gbogbo ẹrù rẹ̀ tán, ó wá gbàgbé orúkọ sílé!"

Isobel gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n lọ bá pásítọ̀, kó bá mi wo ìwé ìjọ."

"Irin tútù!" Gbogbo obìnrin náà pariwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó di ọ̀bẹ mú di ọ̀bẹ mú, ẹni tó gbá ìwọ̀ mú gbá ìwọ̀ mú. Jessie fa ọwọ́ Isobel, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdákọ̀ró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, kí irin lè lé ibi tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ fà lọ.

"Má dárúkọ yẹn mọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ jáde! Aláṣọ-dúdú là ń pè é. Bí apẹja bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, ilé ló ń padà sí. Ó sì ti lọ sí Elgin, ọ̀la ni yóò dé. Àní bó tiẹ̀ wà nílé, ìwé rẹ̀ kì í kọ àlàjẹ́. Ó ní ìwà kèfèrí ni."

Isobel bá jókòó sórí àgbá kan, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀. "Ọ̀la, bí òkun bá ti kún, ọkọ mi ń ṣíkọ̀ nìyẹn. Ìgbà òtútù tó kọjá ni bàbá mi kú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi rán mi. Ó ní kí n wá ilé ìyá òun, kí n sọ fún ẹnikẹ́ni tí mo bá bá níbẹ̀ pé, 'Willie ní kí ẹ dárí ji òun.' Ohun tó ṣe, kò sọ ọ́ fún mi. Ṣé kí n gbé iṣẹ́ òkú padà bí mo ṣe gbé e wá ni?"

Àánú rẹ̀ ṣe Jessie. Ó gbé okùn ìwọ̀ sílẹ̀, ohun tí kì í ṣe láìnídìí.

"Fara balẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwa níbí kì í sì í fi tiwa ṣeré. Àkọ́bí ọkùnrin, bàbá bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́. Obìnrin kejì, ìyá bàbá rẹ̀ ni. Ta ni àkọ́bí ọkùnrin yín?"

"George ni."

"Obìnrin kejì ńkọ́?"

"Èmi ni."

"George àti Isobel! Tọkọtaya méjì ló jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ti ilé Shavie àti ti ilé Dosie. Dìde, ọ̀rẹ́ mi. Ti Shavie ló sún mọ́ wa jù."

James Shavie, bàbá arúgbó onírùngbọ̀n funfun, wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìkòkò tábà lẹ́nu. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí Jessie sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ wo imú! Imú Shavie nìyí, mo lè búra! William àbúrò bàbá mi ló wọkọ̀ ojú òkun lọ, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́." Ó pe gbogbo ará ilé jáde. Wọ́n bu ọbẹ̀ ẹja yíyan olómi wàrà fún àlejò, wọ́n kó àkàrà óòtì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú Isobel dùn débi pé ó ń jẹun, ó ń sunkún. Ìgbà tó wá jíṣẹ́ bàbá rẹ̀ tán ni James họ orí.

"Dárí jì í kẹ̀? Kò ṣẹ̀ wá rárá. Àfi bó bá jẹ́ pé lẹ́tà tí kò kọ ló ń sọ."

Ara fu Jessie. "Ọkùnrin kẹta nínú yín ńkọ́? Orúkọ bàbá yín fúnra rẹ̀ ló yẹ kó jẹ́. William ni, àbí?"

"Rárá o. Alexander ni. Sandy là ń pè é."

James yọ ìkòkò tábà lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ kan èjìká Isobel jẹ́jẹ́. "Ọmọ mi, má bínú. Imú lásán ni mo rí. Kò sí Sandy nílé tiwa, ilé Dosie ló ti wà. Jessie, mú un lọ sọ́dọ̀ Elspet Dosie."

Elspet ti pé ẹni àádọ́rin ọdún. Ó jókòó síwájú ilé rẹ̀ nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, ó ń hun ìbọ̀sẹ̀. Isobel tẹ̀ síwájú rẹ̀, ó sì jíṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán an, Jessie sì fi ọ̀rọ̀ orúkọ ọmọkùnrin kẹta kún un. Abẹ́rẹ́ ìhunṣọ dúró lọ́wọ́ ìyá àgbà náà.

"Ọmọ tó yẹ kó jẹ́ orúkọ Willie fúnra rẹ̀, Sandy ló sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Àbúrò Willie ni mí," ni Elspet wí. "Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, Willie ń lọ sídìí ọkọ̀, ó pàdé pásítọ̀ ní kọ̀rọ̀ ibẹ̀ yẹn, ó bá yí padà sílé. Sandy ẹ̀gbọ́n wa, tó yẹ kó sinmi lọ́jọ́ náà, fi í rẹ́rìn-ín, ó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ Willie wọ̀, ó wọkọ̀ dípò rẹ̀. Ọkọ̀ náà ò padà dé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, Willie ti lọ. Ó rò pé ìyá wa ò ní lè wojú òun mọ́."

"Ṣé ìyá bínú sí i ni?"

"Bínú?" Elspet rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Ní gbogbo Portlarrie, ìyá wa nìkan ni obìnrin tó ń lọ bọ pásítọ̀ lọ́wọ́ lórí èbúté, lójú gbogbo ayé, títí ó fi kú. Á ní, 'Ẹ ṣeun, ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi.' Ibi tí ọ̀kan yẹn wà ni kò mọ̀. Ọmọ mi, kò sí ohun tí a fẹ́ dárí jì."

Isobel gbé orí lé e lẹ́sẹ̀. Títí oòrùn fi wọ̀, Elspet ń ní kó ka orúkọ àwọn ọmọ Willie fún òun, ó tán, ó tún ní kó bẹ̀rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òkun ti kún, ọkọ̀ gẹdú ń ta ìgbòkun, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kan já pásítọ̀ sílẹ̀ lórí èbúté gan-an. Àwọn apẹja yí padà kíá. Àwọn obìnrin dìrọ̀ mọ́ irin. Isobel nìkan ló lọ bá a, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin lẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún wa."

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni pásítọ̀ náà, ọ̀rọ̀ náà ò yé e rárá. Ṣùgbọ́n Elspet tó fara ti ọ̀pá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ọkọ̀ ẹja mẹ́ta ni kò jáde lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ Isobel jáde ní tirẹ̀.

Nínú oṣù Kẹsàn-án ni lẹ́tà dé. Jessie ló kà á fún Elspet, gbogbo àdúgbò sì gbọ́, nítorí ohùn Jessie kì í ṣe kékeré. Wọ́n ti gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Isobel ti lọ sí itẹ́ òkú, ó ti mú agbẹ́kùúta dání lọ síbi sàréè bàbá rẹ̀. William Mair ló wà lára òkúta náà tẹ́lẹ̀. William Mair Dosie ló wà níbẹ̀ báyìí.