Ẹ̀dà Tó Wà ní Lọ́ńdọ̀nù

Àkókò ìsinmi ọ̀sán ni. Kò sí ẹlòmíì nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde, àfi Azeemah àti ìlara rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ jókòó sórí àga kan ṣoṣo.

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n pe orúkọ Helen níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Régbérégbé kan, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba, nílé lóko, ló fẹ́ rán ọmọ kan lọ sí yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Helen gbégbá orókè nínú ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un. Azeemah ṣe ipò kejì, máàkì méjì péré ló sì wà láàárín wọn. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n o! Azeemah ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Òun náà ló pàtẹ́wọ́ jù.

Òun ni Ọ̀gbẹ́ni Fáṣadé, olùkọ́ kọ̀ǹpútà, fún ní páswọ́ọ̀dù tirẹ̀ sí ìkànnì ilé ìwé, kí ó máa bá a gbé ìkéde síta. Azeemah ṣí ojú ìwé tuntun tó gbé orúkọ Helen, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé: "A ti fagi lé e. Wọ́n ká ìwé mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú ìdánwò." Ó ní eré ni. Ó wá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Rídwàn, ìbátan rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ojúgbà, tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù.

"Ṣí i kíákíá, mo fẹ́ pa á rẹ́!"

"Háà! Helen tó ń ṣe bí ẹni mímọ́ yẹn?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Rídwàn. "Azeemah, o burú o!"

Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé tí Azeemah fi pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́. Ó tún ojú ìwé náà ṣí: ó mọ́ tónítóní. Ó bọ́ síta, ó ra búrẹ́dì àti àkàrà, ó sì pín in pẹ̀lú Helen dọ́gbadọ́gba.

Lọ́jọ́ kejì, àtẹ̀jíṣẹ́ Rídwàn wọlé sórí fóònù rẹ̀. "Ṣé o ò tíì pa á rẹ́ ni? Mo ṣì ń rí i."

Azeemah sáré tún ojú ìwé náà ṣí: kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Fáṣadé wọ kíláàsì, Azeemah nawọ́. "Sà, tí èèyàn bá pa nǹkan rẹ́ lórí ìkànnì wa, ṣé ó ṣì lè wà níbòmíì?"

"Ó lè wà dáadáa! Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbé ìkànnì kiri ní ilé ìpamọ́ káàkiri ayé. Bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ bèèrè ojú ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n á wá mú un lọ́dọ̀ wa, wọ́n á sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ sọ́hùn-ún, kí ẹni tó bá tún bèèrè má baà dúró pẹ́."

"Bíi gààrì wa náà ni, sà," Helen dá sí i. Ìyá rẹ̀ ń yan gààrì ní Ayépé. "Ará Èkó ò ní láti wá sí Ayépé mọ́. Alágbàtà ti kó o sí ṣọ́ọ̀bù dè é."

"O káre, ọmọ onígààrì! Bí ìyá rẹ bá wá da ti ilé nù, ti ṣọ́ọ̀bù Èkó ńkọ́?"

"Wọ́n á máa tà á lọ ni, sà!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Azeemah rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó tún nawọ́. "Ṣùgbọ́n ẹni tó pa á rẹ́ ò rí i mọ́, sà."

"Ẹni tó bá fi páswọ́ọ̀dù wọlé, ọ̀dọ̀ wa gan-an ló ti ń wo tirẹ̀. Ará ìta ló ń wo ẹ̀dà. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Bọ́tìnì kan wà lọ́dọ̀ mi ṣá: bí mo bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹ̀dà á pòórá. Ṣé nǹkan wà tí o fẹ́ kí n bá ọ nù ni?"

Azeemah wo Helen. Helen rẹ́rìn-ín sí i.

"Rárá o, sà. Mo kàn ń bèèrè ni." Ọjọ́ mẹ́ta ṣáà ni. Ó ti ku méjì.

Lọ́jọ́ kẹta, alága régbérégbé náà, tí òun pẹ̀lú ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ní kí òun wo ìkànnì ilé ìwé kí òun tó fọwọ́ sí ìwé Helen. Ẹ̀dà tí Rídwàn bèèrè fún ló yọ sí i lójú. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó kọ̀wé pé orúkọ ẹgbẹ́ àwọn kò gbọdọ̀ bá ajíwèé-wò rìn. Kí ẹni tó ṣe ipò kejì bọ́ sí i.

Ẹni tó ṣe ipò kejì! Bàbá Azeemah jó yí ilé ká, ìyá rẹ̀ sì ṣe sàráà.

Ọ̀gbẹ́ni Fáṣadé kò jó. Ó rò pé àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wọlé, ó bá pe ilé-iṣẹ́ náà. Wọ́n sọ pé ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìkànnì lé ọ̀pọ̀ olè padà lọ́sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí àjèjì tó ráyè wọlé. Ó wá ṣí àkọsílẹ̀ ìkànnì fúnra rẹ̀. Páswọ́ọ̀dù Azeemah ló kọ ọ́. Páswọ́ọ̀dù Azeemah ló pa á rẹ́.

Ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí régbérégbé náà, ó là á yé wọn kedere. Èsì wọn kò gùn: àwọn ò fẹ́ wàhálà ilé ìwé yẹn mọ́. Ọmọ kan ní Odogbolu ni àwọn ti fi àyè náà fún.

Azeemah bá Helen nílé wọn ní Ayépé, ó kúnlẹ̀. "Helen, wallahi, eré ni mo fi ṣe."

"Mo gbọ́," ni Helen wí, kò gbójú sókè. "Lọ́jọ́ tí sà bi ọ́ ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo jókòó sí. Ká ní o sọ ọ́, ǹ bá bú ọ, bóyá ǹ bá tiẹ̀ gbá ọ létí. Ṣùgbọ́n ǹ bá lọ sí yunifásítì." Ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá ṣìṣe, tó tètè jẹ́wọ́, ìtìjú ọjọ́ kan ni. Ẹni tó bá dákẹ́, ẹlòmíràn ló ń fi ọjọ́ iwájú tirẹ̀ san gbèsè rẹ̀.