Ilẹ̀ tí Lambert Fi Ta Ìjọba Lọ́rẹ

Isabelle, tó máa ń ru iṣu láti Tré wá sí ọjà Dassa, ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni Lambert.

Lambert ní ilẹ̀ kan lẹ́sẹ̀ òkè, létí ọ̀nà mọ́tò. Lọ́dún 1958, ọmọ rẹ̀ obìnrin, Félicité, rọbí fún ọjọ́ méjì. Wọ́n ń gbé e lọ sílé ìwòsàn tó jìnnà. Nígbà tó rẹ àwọn tó gbé e, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lórí ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ló kú sí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Lambert fi ilẹ̀ náà ta ìjọba lọ́rẹ, kí wọ́n fi kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Wọ́n gbin pèrègún yí i ká, wọ́n pín obì. Akọ̀wé ìjọba fẹ́ kọ ohun tí ilẹ̀ náà wà fún sílẹ̀, ṣùgbọ́n Lambert kọ̀.

“Nílé tiwa, ẹni tó fúnni ní nǹkan tó tún gbàwé lé e, kò fúnni,” ló wí. “Ó yáni ni.”

Àwọn àgbà ní ó sọ̀rọ̀ bí ọmọ bàbá rẹ̀. Akọ̀wé pa kálámù rẹ̀ dé.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Òmìnira dé, akọ̀wé yẹn lọ, òmíràn dé. Ilé ìgbẹ̀bí ò dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Lambert bá òkúta ààlà oníṣìmẹ́ǹtì láàárín pèrègún. Bàṣírù, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ti ra apá ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ó ti ń wa ìpìlẹ̀. Lambert bi í ta ló fún un nílẹ̀.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ni Bàṣírù wí. “Ìwé tèmi rèé. Tiyín ńkọ́?”

Lambert kẹ̀yìn sí i, ó kúrò níbẹ̀. Ó tọ Euphrasie lọ, agbẹ̀bí tó kàwé, pé kó bá òun kó àwọn ọ̀dọ́ jọ láti hú òkúta wọ̀nyẹn. Euphrasie ní kó jókòó ná. Ó ní nínú ìwé bírò, ọ́fíìsì ìjọba, ilẹ̀ ìjọba lásán ni ibẹ̀, a ò kọ iṣẹ́ kankan mọ́ ọn. Akọ̀wé tó wà ní bírò lónìí kò sì bá wọn pín obì. Ìkéde pé wọ́n fẹ́ ta apá òkè náà ti wà lára ilẹ̀kùn bírò láti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lè sọ ọ́ títí di ọjọ́ Ẹtì.

“Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ibẹ̀ kọjá,” ni Lambert wí.

“Ẹ ń gba ibẹ̀ kọjá, bàbá. Ẹ ò ní kí ẹnì kankan kà á fún yín.”

Lambert ní: “Ṣé kí n wá gbàwé lórí ẹ̀bùn tí mo tìtorí ọmọ mi ṣe? Wọn á fi mí ṣẹ̀sín.”

“Àwọn tó ń rọbí lójú ọ̀nà ò ní fi yín ṣẹ̀sín.”

Lọ́jọ́bọ̀, Lambert kó àwọn mẹ́ta tó jẹ obì ọjọ́sí lọ sí bírò. Euphrasie kọ ẹ̀rí wọn, wọ́n tẹ̀ka sí i.

“Lambert,” ni Zéphirin, ọ̀kan nínú wọn, wí bó ti ń nu àtàǹpàkò rẹ̀, “òní lo wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń yáni nílẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá bírò kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé ilé ìgbẹ̀bí ni apá òkè wà fún, ó sì já ìkéde kúrò lára ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n apá ìsàlẹ̀ ti bọ́; kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nígbà tí àyè wà.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá fi ilẹ̀ tọrẹ fún ìlú, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iṣẹ́ tó wà fún sílẹ̀, kí ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Ìwé kì í ba ọrẹ jẹ́. Òun ló ń gbẹnu sọ fún ọrẹ nígbà tí ẹlẹ́rìí bá ti kú. Bí ẹ bá rí ìkéde lára ilẹ̀kùn, ẹ wá ẹni tí yóò kà á fún yín kó tó pẹ́ jù. Ẹ má hú òkúta ààlà. Ẹ lọ sọ̀rọ̀.

Lambert fi ẹ̀dà tirẹ̀ sápò, ó gba ẹsẹ̀ òkè lọ sílé. Ní apá ìsàlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ Bàṣírù ti ń fi àáké gé igi máńgòrò tí Félicité kú sí abẹ́ rẹ̀. Bàṣírù rí i, ó ní kí wọ́n dúró ná, ó sì kí i. Lambert dá a lóhùn, ó ń lọ. Nígbà tí igi náà wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kò wẹ̀yìn.