Obìnrin Tó Ní Ká Wá Gbé Kéèjì Wa Lọ

Obìnrin náà ò tiẹ̀ kí wa dáadáa lórí fóònù. Ó ní ká wá gbé kéèjì wa lọ, kò bàjẹ́ o, òun kàn ò fẹ́ ẹ mọ́ ni.

Èmi ni mo máa ń gbé fóònù ní ṣọ́ọ̀bù wa tí a ti ń jó irin, torí náà etí mi ló ṣe. Inú bí mi. Kéèjì yẹn kì í ṣe kéèjì lásán. Bàbá wa tó ti dolóògbé ló fi ọgbọ́n orí ara ẹ̀ ṣe é: irin roboto tí wọ́n ń gbé yí koríko gbígbẹ ká láàárín pápá, tí màlúù á máa ki orí bọ àlàfo ẹ̀ jẹun, tí wọn ò ní lè tẹ koríko mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n sùn lé e. Òun là ń ṣe tà tí a fi ń jẹun títí dòní. Ni mo bá rán àbúrò mi ọkùnrin, tí gbogbo ayé ń pè ní Wẹ́dà, pé kó lọ gbọ́ tẹnu ẹ̀, kó má sì gba gbẹ̀rẹ́.

Wẹ́dà bá obìnrin náà ní pápá nínú bàtà òjò, ẹrẹ̀ dé orúnkún ẹ̀. Obìnrin náà ò bá a jà. Ó kàn ní kó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun kó wo bí àwọn màlúù ṣe ń jẹun. Àwọn alágbára ti yí kéèjì ká, wọ́n fi ìdí ti àwọn yòókù sẹ́yìn. Abo màlúù kan wà lẹ́yìn wọn, ó rù, egungun ìhà ẹ̀ ṣeé kà. Bó bá ti sún mọ́ wọn, èyí tó níwo á lé e. Ìgbà tí gbogbo wọn yó tí wọ́n kúrò ló tó débẹ̀, pòròpórò ló kù fún un.

"Kéèjì yín dáa, kì í jẹ́ kí koríko ṣòfò," obìnrin náà sọ fún un. "Àmọ́ oyún wà nínú èyí, àjẹkù ò sì lè gbọ́ bùkátà ẹ̀."

Ló bá gun katakata. Koríko gbígbẹ náà, ẹ̀rọ ló ti ká a bí ẹní, roboto, ó ga tó àyà géńdé. Ó gé nẹ́ẹ̀tì ara ẹ̀ kúrò, ó wá ibi tí wọ́n ká a dé, ó fi katakata tì í díẹ̀díẹ̀, koríko sì ń tú sílẹ̀ lọ gbọọrọ láàárín pápá. Àwọn màlúù tò tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Alágbára ò lè wà níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó rù náà ríbi dúró sí, ó ń jẹ, ẹnikẹ́ni ò lé e.

Bí Wẹ́dà ṣe délé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, koríko wà nínú irun ẹ̀, kò sì gbé kéèjì kankan bọ̀. Mo bi í pé kéèjì ńkọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí bó ṣe ń wa katakata yẹn. Ó rọra ń ṣe é bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn fọ́mọ." Mo wò ó, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ti kó sí i lórí.

Láti ọjọ́ náà, ilẹ̀ kì í mọ́ kó má rí nǹkan tún ṣe níbẹ̀. Lónìí, ó fẹ́ yẹ kéèjì wò. Lọ́la, ilẹ̀kùn ọgbà wọn ń dún. Ta ló ń tàn jẹ? "Ìyá Màlúù" la wá ń pe obìnrin náà nílé, a sì máa ń fi Wẹ́dà ṣe yẹ̀yẹ́ títí oúnjẹ á fi tutù. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ kan, èmi náà sì fẹ́ràn obìnrin náà. Kì í pariwo, ó mọ ìwà màlúù kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ìwà ẹbí ẹ̀. Òun nìkan ló ń bójú tó pápá yẹn látìgbà tí bàbá ẹ̀ ò ti lè dìde dáadáa mọ́, kò sì fi ìyẹn yangàn fẹ́nikẹ́ni.

Ojú mi ló ṣe lọ́jọ́ tí Wẹ́dà ní òun náà fẹ́ tẹ́ koríko. Ìyá Màlúù kìlọ̀ fún un pé kó má tì í látòkè wá sísàlẹ̀, pé ìbú òkè ni kó gbà. Àbúrò mi, ẹni tí kì í gbọ́, orí òkè gan-an ló ti tì í. Koríko ò tú o. Odindi ló yí, ó ń sáré, ó fọ́ ọgbà kọjá, ó já sínú adágún omi, ó rì dé ìdajì. Gbogbo màlúù gbórí sókè, wọ́n ń wò ó. Ìyá Màlúù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Wẹ́dà dúró sórí òkè, ojú ń tì í, ibẹ̀ ló sì ti ké sí i pé, "Olólùfẹ́ mi, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Lọ yọ koríko mi nínú omi ná," obìnrin náà dá a lóhùn, ẹ̀rín ò tíì tán lẹ́nu ẹ̀.

Ìgbà tí Wẹ́dà yọ ọ́ tán, tí omi ń kán lára ẹ̀, Ìyá Màlúù di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó ní, "Èmi náà fẹ́ ọ, ọ̀wọ́n mi. Màmá ẹ ńkọ́?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Màmá wa ló ni ṣọ́ọ̀bù. Látìgbà tó ti gbọ́ pé ẹnì kan fẹ́ dá kéèjì ọkọ òun padà, "obìnrin yẹn" ló ń pè é. Nígbà tí Wẹ́dà gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó síwájú ẹ̀, kò pariwo. Ó ní, "Ẹni tó kọ iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yín ti kọ èmi náà. Tó o bá máa fẹ́ ẹ, fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kó o tó jáde."

Wẹ́dà bẹ̀ ẹ́ títí. Èmi náà bẹ̀ ẹ́. Kò gbọ́. Ni àbúrò mi bá yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gbé e sórí tábìlì, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó fẹ́ràn Màmá, ó fẹ́ràn iṣẹ́ irin jíjó, kò sì lè fi Ìyá Màlúù sílẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ gan-an.

Lọ́jọ́ kejì, Màmá ní kí n fi ọkọ̀ gbé òun lọ sí pápá náà. Òun fúnra òun máa sọ fún obìnrin yẹn pé kó fi ọmọ òun lọ́rùn sílẹ̀. Ó wọ bàtà ẹ̀ tó dáa jù. Mo ń wakọ̀, mo ń gbàdúrà.

A bá Ìyá Màlúù lẹ́nu iṣẹ́. Ó kí Màmá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Màmá ò dáhùn, torí ohun tó kọ́kọ́ rí ni kéèjì bàbá wa nínú pápá kejì, tí àwọn màlúù ńláńlá yí i ká. Ó bèèrè pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ìyá Màlúù ní Wẹ́dà ló dá a lábàá pé kí òun ya àwọn alágbára sọ́tọ̀: àwọn yẹn ń jẹ nínú kéèjì, koríko wọn kì í ṣòfò, àwọn tó kù lòun ń tẹ́ tiwọn sílẹ̀. Ó ní òun ò kọ iṣẹ́ Bàbá, bí èyí tó rù á ṣe rí jẹ lòun ń wá.

Màmá yíjú sí èyí tó rù tí obìnrin náà nawọ́ sí. Kò rù tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dúró láàárín méjì tó tóbi jù ú lọ, ó ń jẹun, kò wẹ̀yìn. Màmá tẹjú mọ́ ọn. Mo rò pé inú ló ń bí i. Ìgbà tó máa lanu, ohùn ẹ̀ ti yí padà.

"Ilé àbúrò bàbá mi ni mo dàgbà sí," ó ní. "Gbogbo wọn á jẹun tán kó tó kàn mí. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń wo inú abọ́ wọn."

Èmi àkọ́bí ẹ̀, mi ò gbọ́ ọ rí.

"Ta ló kọ́ ẹ kó o máa ṣe báyìí?" ó bi Ìyá Màlúù.

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, Màmá. Mo rí i pé ebi ń pa á ni."

Màmá nu ojú. Ó tún bi í pé ṣé ojú kan náà ló ń tẹ́ koríko sí lójoojúmọ́. Ìyá Màlúù ní rárá o, ibòmíràn ni, kí ìgbẹ́ wọn lè kárí ilẹ̀, kí koríko tuntun lè hù dáadáa. Màmá mirí pé ó dáa. Ó rìn wọnú ẹrẹ̀ náà tòun ti bàtà ẹ̀, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà, ó gbọ́wọ́ lé e léjìká.

"Ìyàwó mi," ó ní, "ọ̀la ńkọ́, ibo la máa tẹ́ ẹ sí?"