Ìkìlọ̀ Tí Irọ́-ni Kò Kà Dópin

Ìkìlọ̀ kẹrin tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fi òun ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ohun tó kọ́kọ́ kọ Irọ́-ni lóminú nìyẹn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa yẹ lẹ́tà àtaré wò. Bí ẹnìkan bá rí i kà lórí ẹ̀rọ pé omi tútù ń pani, tàbí pé ẹni tí kò bá ta lẹ́tà kan látaré sí ẹni méje yóò fọ́jú, á fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn. Irọ́-ni á wá orísun rẹ̀, á sì fèsì. Ó ti ṣe é fún ọdún mọ́kànlá. Títí di òní, ojú gbogbo ènìyàn ṣì ń ríran. Nígbà tó yá, èsì kan ló tẹ̀ sílẹ̀ de gbogbo wọn: "Irọ́ ni. Ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́." Bó bá ti rí "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí dópin," ìka rẹ̀ ti dé ibi èsì. Èsì yìí ni àwọn ará ọ́fíìsì fi sọ ọ́ ní Irọ́-ni; wọ́n ní bí èèyàn bá kí i káàárọ̀, á kọ́kọ́ yọjú lójú fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, ni oníbàárà rẹ̀ tó ga jù. Ojoojúmọ́ ni màmá náà ń fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí," ló sọ fún un nígbà kan, "ṣé irọ́ náà ni bí mo ṣe pọ̀n ọ́?"

"Ìyẹn nìkan ni mi ò tíì wádìí, ẹ̀gbọ́n mi."

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dá gbé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn aládùúgbò já ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n bá a nílẹ̀, ó ti kú.

Ọwọ́ télọ̀ kan tí Irọ́-ni kò mọ̀ rí ni ìkìlọ̀ kẹrin yìí ti wá. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí dópin. Obìnrin kan wà tí àyà ti ń dùn láti àná. Ó ń dá gbé." Ibẹ̀ ni ti télọ̀ náà parí sí.

Ó pe télọ̀ náà.

"Ẹ̀yin lẹ fi ránṣẹ́ sí mi, ọ̀gá," ni télọ̀ wí. "Orúkọ yín ló wà lórí ẹ̀. Mo kàn ní kí n bi yín ni: ṣé ẹ ti lọ wo màmá náà?"

Irọ́-ni kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí télọ̀ kankan rí. Ó wá orísun lẹ́tà náà bó ṣe ń wá ti gbogbo wọn. Kò pẹ́ tó fi rí i, nínú àpótí lẹ́tà tirẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ ọ́, ní ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Bí àwọn lẹ́tà orí ẹ̀rọ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ni màmá náà mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí àbúrò rẹ̀ fi fún un lésì pé irọ́ ni.

Ó wá kà á dópin.

"Obìnrin náà ní àbúrò kan tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ó bá kà á débí, kó jọ̀ọ́ yà bó bá ṣíwọ́ iṣẹ́. Obìnrin náà kò lè dìde ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n yóò gbìyànjú."

Ọ̀sán gangan ló dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ti pààrọ̀ àgádágodo; kò sí ẹni tó tíì gba yàrá náà. Ó kànkùn, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe.

Nínú, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀. Á wọ́ díẹ̀, á sinmi, á mí kanlẹ̀, á tún wọ́.

"Ẹ má dìde, ẹ̀gbọ́n mi," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí ara ilẹ̀kùn. "Ẹ rọra. Mo wà níbí."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Oòrùn kúrò lára ògiri. Ìró náà ń bọ̀, kò sì dé.

Aládùúgbò kan tó ń gòkè bọ̀ láti ibi iṣẹ́ bi í pé ta ló ń dúró dè.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni," ló wí. "Wọ́n ń bọ̀ wá ṣílẹ̀kùn."