Màrìwò Mẹ́ta

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní òpùrọ́. N óò gbà á lọ́wọ́ yín, nítorí arúgbó ni mí, mo sì ti gba èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó ṣẹlẹ̀ lójú mi kòrókòró. Ọ̀sán ni. Oòrùn wà lókè, èèyàn sì pọ̀ bí eṣú. Bó bá jẹ́ pé òru ni, ǹ bá sọ pé ojú ló tàn mí.

Ọdún tó ṣáájú ogun Ìjàyè ni. Ìlú Ìrókò ni à ń gbé, nílé bàbá wa, Ògúntúyì, tó ti kú. Ọmọ mẹ́ta ló yè fún ìyá wa: èmi Ìbídùnní, Dàda tó tẹ̀ lé mi, àti Àpèkẹ́ àbíkẹ́yìn. Ọdún kẹjọ nìyẹn tí Dàda ti bá àwọn eléégún alárìnjó lọ, àwọn ọ̀jẹ̀ tí ń ti ìlú dé ìlú pidán. Ó ní òun á padà kí iṣu tuntun tó jáde. Iṣu tuntun jáde lẹ́ẹ̀mẹjọ.

Ìyá wa wá dùbúlẹ̀ àìsàn. Fún oṣù mẹ́ta, wọn ò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Èmi ni mo ń fi òrí àti efinrin pa wọ́n láyà nítorí ikọ́. Ikọ́ náà ní bó ṣe ń ṣe: ẹ̀ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà ìmí ẹ̀dùn kékeré kan. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń bèèrè.

"Ẹ bá mi wá Dàda. Kó fi ọwọ́ rẹ̀ sí tèmi. Lẹ́yìn ìyẹn, n ò bá ẹnikẹ́ni jà."

Sàníù, tó máa ń ti Ìbàdàn wá ra iṣu lọ́wọ́ wa, ló mú ìròyìn wá. Ó ní àwọn ọ̀jẹ̀ kan ń pidán ní agboolé ìjòyè ogun kan. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀kan nínú wọn ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì."

Tàkúté ló mú Dàda ní gìgísẹ̀ òsì nígbà tó wà lọ́mọdé. Bó bá ń rìn nínú eruku, ẹsẹ̀ náà a máa fa ìlà sílẹ̀.

"Èmi ò sọ nǹkan kan o," Sàníù wí. "Ọ̀la ni wọ́n máa pidán kẹ́yìn. Ọ̀tunla, wọ́n á ṣí lọ."

Ẹ mọ̀ pé obìnrin kì í mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ eégún. Bó bá tilẹ̀ mọ̀, kò gbọdọ̀ wí. Obìnrin tó bá pe orúkọ èèyàn mọ́ eégún kò ní padà sílé. Nítorí náà, ète wa kò le: ká wo ẹsẹ̀, ká dákẹ́, ká dúró de Dàda níta nígbà tí eré bá parí, ká mú un lọ sílé.

Ìyá Dàpọ̀, aládùúgbò wa, ló dúró ti ìyá wa. Ìdájí ni a bá àwọn aláàárù gbéra, nítorí ọ̀nà ò dára, àwọn tí ń jí èèyàn tà sì pọ̀. Nígbà tí a wọ bodè Ìbàdàn, oòrùn ti kọjá àtàrí, ẹsẹ̀ Àpèkẹ́ sì ti bó. Síbẹ̀ à ń sáré.

Ẹnu ọ̀nà agboolé náà kún fọ́fọ́. Ìjòyè náà ti pín màrìwò tí a ta kókó sí fún àwọn àlejò rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tí kò bá ní i lọ́wọ́ kò ní wọ àgbàlá. Mo kúnlẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ tó dúró níbẹ̀. Mo na adìyẹ tí a mú wá sí i.

"Ó ti tán," ó wí. "Ẹ̀yin ará oko yìí, ẹ kì í tètè dé ibì kankan."

Bàtá ń dún nínú. Ẹ̀rín sọ. Àpèkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo fà á lọ́wọ́, a rìn yí ògiri ká, bóyá a ó rí ihò tí a lè yọjú.

Nígbà tí a dé ẹ̀yìn agboolé náà, ariwo dínkù lójijì. Kì í ṣe pé bàtá dákẹ́. Ó ń dún, ṣùgbọ́n bí ẹni pé láti oko ọ̀nà jíjìn. Kò sí ewúrẹ́ níbẹ̀, kò sí adìyẹ, kò sí ọmọdé. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lára ògiri. Ọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ó ń ta kókó sí màrìwò. Kò wò wá.

"Ẹ pẹ́," ó wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ṣé àyè kù?"

"Ẹní kan kù. Ti àwọn tí kò lè fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ni."

Inú mi dùn. Nílé wa, bí a bá ń pín ẹran, a kì í fo ẹni tí kò sí nítòsí. Ẹnìkan á dárúkọ rẹ̀, a ó sì gbé tirẹ̀ sọ́tọ̀. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ náà nìyẹn, pé ẹni tí aláìsàn rán lè jókòó sí àyè rẹ̀.

"Ta ló rán yín?" ó bi mí.

"Ìyá wa ni. Ara wọn ò yá."

"Mo ní ta ni. Dárúkọ."

Àpèkẹ́ di ọwọ́ mi mú. Ọmọ wo ló ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ? N kò pè é rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Ṣùgbọ́n ìlù ti ń yára sí i nínú, oòrùn sì ń lọ.

"Ẹfúnyẹmí," mo wí.

Ó gbé orí sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

"Pè é kó dún."

"Ẹfúnyẹmí!"

Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń lọ. Kò dúró. Ó ń lọ lójú ọ̀nà tí a gbà wá, ó ń jìnnà, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọkùnrin náà na màrìwò mẹ́ta sí mi.

"Àwa méjì ni, bàbá."

"Mo rí yín."

Mo na adìyẹ sí i. Kò gbà á.

"Orúkọ tí o dá ti tó," ó wí.

Àgbàlá náà kún débi pé àwọn èèyàn gun orí ògiri. Síbẹ̀, níwájú gan-an, ẹní kan wà ní títẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi àtàǹpàkò kàn. Ibẹ̀ la jókòó. Obìnrin tó wà nítòsí yíjú sí wa.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀?"

Mo fi màrìwò hàn án. Ó wò ó, ó sì kó etí aṣọ rẹ̀ kúrò lára ẹní náà. Mo gbé màrìwò kẹta sáàárín èmi àti Àpèkẹ́.

Eégún tí ń ṣe bí ère jáde, ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ejò gidi. Eégún tí ń ṣe bí Tápà jáde lórí ẹṣin rẹ̀, ó ṣubú, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbàgbé ohun tí mo bá wá, ojú sì ń tì mí títí di òní. Lẹ́yìn náà ni Ìyàwó jáde, eégún tí wọ́n wọ̀ láṣọ bí ìyàwó tuntun. Ó ń jó bọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú eruku, ìlà kan ń tẹ̀ lé e.

Èékánná Àpèkẹ́ wọ̀ mí lára.

Ìyàwó ń bọ̀ tààrà sí ẹní wa. Bàtá dákẹ́. N ò mọ ẹni tó ní kó dákẹ́. Eégún náà kúnlẹ̀. Kì í ṣe níwájú mi. Kì í ṣe níwájú Àpèkẹ́. Àárín wa ló kọjú sí, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni. Ó na ọwọ́ jáde.

Ẹní náà rì lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan mi, bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó. Òórùn òrí gba imú mi, òrí àti efinrin. Mo gbọ́ ikọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà, ìmí ẹ̀dùn kékeré kan.

"Ẹ kú ìrìn, Ìyá," eégún náà wí, ní ohùn híha tí gbogbo eégún fi ń sọ̀rọ̀.

Àpèkẹ́ la ẹnu. Mo mọ orúkọ tó fẹ́ pè. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu, ó sì bù mí jẹ. Àpá rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi di òní yìí. Bàtá tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo fi máa wò, Ìyàwó ti dìde, ó ń jó lọ. Màrìwò kẹta kò sí lórí ẹní mọ́.

Nígbà tí eré parí, a dúró de olórí àwọn ọ̀jẹ̀ náà níta.

"Bàbá, à ń wá àbúrò mi. Dàda, ará Ìrókò."

Ó ṣí fìlà rẹ̀ kúrò lórí.

"Dàda kan wà lọ́dọ̀ wa rí."

"Ibo ló wà báyìí?"

Ojú rẹ̀ bọ́ sára màrìwò ọwọ́ mi.

"Ta ló fún yín ní èyí?"

"Bàbá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn."

"Ilé yìí ò ní ọ̀nà ẹ̀yìn," ó wí. "Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ yára."

Wọ́n ti ti bodè kí a tó débẹ̀. A jókòó sí ẹsẹ̀ odi ìlú títí ilẹ̀ fi mọ́, à ń sunkún òkú Dàda. Lọ́jọ́ kejì, a gbọ́ ẹkún kí a tó dé ilé. Ìyá Dàpọ̀ ló pàdé wa lójúde.

"Nígbà wo?" mo bi wọ́n.

"Àná, nígbà tí oòrùn ń rọ̀. Wọ́n ṣàdédé dìde jókòó. Wọ́n ní ẹnìkan ń pe àwọn. Mo ní n ò gbọ́ nǹkan kan, mo ní kí wọ́n má dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ìbídùnní ni. Ọmọ mi ò pè mí lórúkọ rí. Ó ti rí Dàda nìyẹn.' Wọ́n bá dáhùn."

Mo wọlé. Ojú ìyá wa tutù, n kò rí wọn bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ. Mo fẹ́ wẹ ẹsẹ̀ wọn. Àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì pọ́n fún eruku ọ̀nà. Ọwọ́ ọ̀tún wọn di nǹkan mú. Ìyá Dàpọ̀ ní òun gbìyànjú títí, kò ṣí. Nígbà tí èmi fọwọ́ kàn án, ó ṣí. Màrìwò ni, ó tutù yọ̀yọ̀, kókó rẹ̀ kò tíì tú.

Àpèkẹ́ ní kí n má sunkún, pé ohun tí Ìyá ń fẹ́ ni wọ́n rí gbà. Bóyá òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló pe orúkọ. Èmi ni, ó sì ń dùn mí.

Mo ti darúgbó báyìí. Kò sí ẹni tó ń pè mí ní Ìbídùnní mọ́. Ìyá Olúyínká ni gbogbo ìlú mọ̀ mí sí. Láti kékeré Olúyínká ni mo ti kìlọ̀ fún un: ibi yòówù kí wọ́n ti bi í pé ta ló rán an, kó ní "Ìyá mi ni," kó sì pa ẹnu dé. Ọjọ́ márùn-ún sẹ́yìn, ó lọ wo eré ní Ìbàdàn. Mo ń sá ẹ̀gúsí sóòrùn lójúde, lọ́sàn-án gangan. Mo gbọ́ orúkọ mi láti ojú ọ̀nà, ketekete.

"Ìbídùnní!"

N kò dáhùn.

Olúyínká ti dé. Mo gbé oúnjẹ fún un, mo bi í bí ọ̀nà ti rí. Ó ní ibẹ̀ kún, pé díẹ̀ ló kù kí òun má ráyè wọlé. N kò tíì bi í bí ó ṣe wọlé.